Ṣé fífi iná mànàmáná ta ọ̀pá ẹ̀yìn jí lè mú kí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù tún rìn dáadáa?

Ó lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iná nìkan kò tó. Ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ bà jẹ́. Àwọn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń darí ẹsẹ̀ ṣì wà, àṣẹ tó ń bọ̀ látòkè ni kò lágbára mọ́. Wọ́n á lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ awọ ẹ̀yìn (kò sí pé à ń la ara), iná díẹ̀ á máa ta àwọn iṣan náà jí bí aláìsàn ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìrìn. Wọ́n ti dán an wò ní Shirley Ryan AbilityLab, ilé ìwòsàn ìmúbọ̀sípò kan ní Chicago, Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ARC-EX, tí òun náà ń fi iná ta ọ̀pá ẹ̀yìn jí láti orí awọ, tí FDA (àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà) fọwọ́ sí ní December 2024, wà fún mímú ọwọ́ àwọn tó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, kì í ṣe fún rọpárọsẹ̀. Ẹni tó bá ní pacemaker (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí lílù ọkàn) láyà, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà.