"Kan" àti "náà" ni mo fi kọ́ wọn ní "a" àti "the"

Àǹtí wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín ti pé ọdún 7, síbẹ̀ "I want biro" ló ń sọ, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, "the my biro". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Yorùbá ló ń tẹ̀ lé. "Bírò mi yẹn" ló dùn létí wa, Gẹ̀ẹ́sì ni kò jẹ́ kí "the" àti "my" jọ dúró níwájú ọ̀rọ̀ kan.

Ọdún 11 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Pírámárì Kejì n'Íbàdàn. Níbẹ̀rẹ̀, òfin ni mo ń kọ sójú pátákó, tí wọ́n ń há a sórí. Wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, àmọ́ bí wọ́n bá lanu sọ̀rọ̀, kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí mo máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu láti tún un ṣe. Nígbà tó yá, kò nawọ́ ní kíláàsì mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní.

Àlọ́ ló là mí lójú. "Ọba kan wà. Ọba náà bí ọmọ kan. Ọmọ náà..." Kò sí ọmọ tó ń ṣi ìyẹn sọ! Ẹni tí a kò tíì mọ̀ ni "kan", ẹni tí a ti mọ̀ ni "náà". A wá tún àlọ́ náà pa ní Gẹ̀ẹ́sì: a king, the king. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún "kan", òun ló ń bí "One man is looking for you" dípò "A man". Bẹ́ẹ̀ sì ni "lọ ti ilẹ̀kùn" kò ní "náà", síbẹ̀ "the door" ni. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: ṣé gbogbo wa la mọ èyí tí à ń sọ?

Ní ti "an", tí à ń lò dípò "a" níwájú ìró fáwẹ̀lì, mo máa ń kó ẹyin, ọsàn àti ṣíbí sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ọmọ á tọwọ́ bọ̀ ọ́, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, á ní "It is an egg". Tó bá gbé e sórí tábìlì, ó di "the egg". Àwọn kan ń sọ "a hegg". Etí wọn kò ṣìnà, ìró h ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ara wọn. "Egg" ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe. Ìró ni kí wọ́n tẹ̀ lé, kì í ṣe lẹ́tà, torí "an hour" ni, "a uniform" sì ni.

Nílé, bó bá ní "Mummy, I want biro", ẹ má dá a dúró. Ẹ fún un, kí ẹ ní: "Take a biro. Is the biro writing?"