Omi ń gòkè ni àbí ó ń fà?

O ní Abẹ́òkúta lo ti ń ṣiṣẹ́, pé o fẹ́ ra àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì méjì pẹ̀lú ìwọ̀ díẹ̀ kí o máa wá pẹja ní dáàmù Ọ̀yán ní gbogbo Sátidé, o wá béèrè ibi tí ẹja pọ̀ sí jù. Àbúrò mi, ìbéèrè yẹn gan-an lèmi náà gbé wá ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Àwọ̀n mẹ́ta ni mo fi sọnù láàárín oṣù méjì. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè ni pé: omi ń gòkè ni àbí ó ń fà?

Ọ̀yán kì í ṣe ọ̀sà, wọ́n sé e ni. Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i, kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè máa rí omi mu níbẹ̀. Ẹni tó ń pẹja nínú odò tí wọn kò sé, òjò ló ń wò. Ní tiwa, géètì dáàmù là ń wò. Bí òjò bá ti ń sún mọ́, wọ́n á tú omi sílẹ̀ kí àyè lè wà fún èyí tó ń bọ̀. Bó bá tún di Ṣẹ̀tẹ́ńbà sí Ọ̀kítóbà, tí omi kún dé ọrùn, wọ́n á tún tú u. Bí àwọn ará Ìṣẹrí àti Kara ṣe ń kígbe àkúnya nísàlẹ̀ odò Ògùn tí Ọ̀yán ń ṣàn wọ̀, àwa tó wà lókè ń wá ibi tí omi wa gbà lọ.

Mo ti gbọ́ gbogbo èyí kí n tó gbà á gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo na àwọ̀n mi sáàárín kùkùté méjì, mo so ó le gbagidi. Ìyá kan tó ń yan ẹja létí omi wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, dẹ okùn yẹn díẹ̀, omi á fà lóru." Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ẹni tó ń yan ẹja fẹ́ mọ̀ nípa omi ju èmi tó ń pẹja lọ? Nígbà tílẹ̀ mọ́, bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ni mo bá àwọ̀n mi, ó ń fì nínú afẹ́fẹ́. Epìyà mẹ́fà ló há sí i, gbogbo wọn ti gan, ẹyẹ ti yọ wọ́n lójú. Bí mo ṣe ní kí n já a kúrò, ó fàya láti òkè délẹ̀.

Ìtìjú ni mo fi padà lọ bi ìyá náà bó ṣe mọ̀. Igi kan ló fi hàn mí, ó gún un sínú ẹrẹ̀ létí omi, ó fi ọ̀bẹ fín ìlà sí i lára. Àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń wò ó. Ìlà méjì ti yọ síta láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo kí n tó dé lọ́jọ́ náà. Ìyẹn nìkan ni gbogbo awo rẹ̀.

Àwọ̀n íǹṣì méjì, má rà á. Epìyà tí kò ju ìka méjì lọ ló máa kó fún ọ, àwọn oníṣòwò ò ní dá a lóhùn, wàá sì ti pa ọmọ tí ì bá dàgbà. Íǹṣì mẹ́ta ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú, sùn sílé, torí ẹja ń rí àwọ̀n bí ìwọ náà ṣe ń rí i. Ìgbà tí omi bá dàrú lẹ́yìn òjò lọwọ́ máa ń dẹ̀.

Ní ti ìwọ̀, ọ̀pọ̀ ló ń wa ilẹ̀ wá ẹkòló kiri. Èmi, ọṣẹ ìfọṣọ ni mò ń lò fún àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún. Gé e bí awẹ́ obì, kó o ki ìwọ̀ bọ̀ ọ́ títí ẹnu ìwọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ọṣẹ tó le ni o, èyí tó bá rọ̀ á yọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Bí ọ̀bọ̀kún bá gbé e, má fọwọ́ bọ orí rẹ̀: ẹ̀gún kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àtàǹpàkò mi wú fún ọjọ́ mẹ́rin.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rèé. Ọ̀sán gangan ni mo máa ń wọ omi dé itan láti tú àwọ̀n tó bá há. Lọ́dún kejì, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìtọ̀ mi, pàápàá níparí. Àtọ̀sí ajá ni. Orúkọ yẹn ló ń mú àwọn èèyàn fi í pamọ́, wọ́n rò pé ìṣekúṣe ló fà á, èmi náà fi í pamọ́ fún ìyàwó mi fún oṣù kan. Kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ìgbín kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ koríko omi ni kòkòrò tó ń fà á ti ń jáde, ọ̀sán ló ń jáde jù, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò nílé ìwòsàn, wọ́n wọ̀n mí lórí ìwọ̀n, wọ́n fún mi ní oògùn Praziquantel bí mo ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Òòyì kọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà dá. Bàtà òjò tó ga dé orúnkún ni mò ń wọ̀ báyìí, inú ọkọ̀ ni mo sì ti ń tú àwọ̀n. Lọ́dọọdún ni mò ń lọ yẹ ìtọ̀ wò, torí ẹni tó bá padà sínú omi lè tún kó o.

Ní Máàṣì àti Épírì, bí ojú ọ̀run bá ṣú lápá ìlà-oòrùn, pa àwọ̀n tì, kó o wa ọkọ̀ sébùúté. Ìjì ibẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, má gbé àwọ̀n wá rárá. Gé igi kan, fín ìlà sí i lára, gún un sétí omi, kó o sun Abúlé Títun tó wà nítòsí dáàmù mọ́jú, kó o lọ wò ó láàárọ̀. Ra ẹja yíyan díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá etí omi kó o tó bi wọ́n ní ohunkóhun, torí ẹni tí kò bá ra ọjà, "a ò mọ̀ o" ni wọ́n máa ń dá a lóhùn.