Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ránṣẹ́ sí mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ata ni mò ń tà ní Bódìjà. Èmi ò lè ka ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìgbà tí èsì jáde ni mo tó mọ̀ pé ọmọ mi fìdí rẹmi nínú ìṣirò.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ọmọ. Mo ṣe tíṣà fún ọdún 31. Ìyá tí kò fèsì kì í ṣe ìyá tí kò bìkítà. Ẹ ní kí tíṣà máa gba ohùn sílẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Ẹ má dúró de ìparí táàmù: ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, máàkì 30 tàbí 40 nínú 100 ti wà nínú ìdánwò kéékèèké. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀. Níbi tí bírò pupa bá ti kọ X, ẹ ní kó ṣàlàyé ẹ̀ fún yín.