Ẹ Jẹ́ Kí Bírò Wà Lọ́wọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin màmá wa tí ẹ béèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde, mo kí yín púpọ̀. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní SS2 ń gbé iṣẹ́ àṣetiléwá lítíréṣọ̀ wálé lórí The Lion and the Jewel, eré Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti Ìsarà nílẹ̀ Rẹ́mọ wa wá. Ẹ ní gbólóhùn rẹ̀ kò já gaara, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ máa bá a tún un kọ kí ó tó gbé e lọ fún tíṣà. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ní Ṣágámù tipẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe é. Òun nìkan ni yóò jókòó síwájú ìwé ìdánwò WAEC.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ti fi yé mi ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí gbólóhùn ọmọ bá ti dàrú nínú àlàyé lítíréṣọ̀, ibẹ̀ gan-an ni kò ti ka ìwé náà dáadáa. Gírámà ni àwa àgbà máa ń bá jà, nígbà tó jẹ́ pé ìtàn ni kò tíì yé e.

Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ síwájú mi báyìí: "Lakunle refuse to pay bride price because of he is civilise and Sidi he was angry." Lakunle ni tíṣà inú eré náà tó fẹ́ fi Sidi ṣe aya. Ojú ẹni yóò kọ́kọ́ lọ sí "refuse" tí kò ní "s", àti sí "he" tó fi pe Sidi tó jẹ́ obìnrin. N kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Mo ní kó ṣí ìwé, kó fi ìka tọ́ka sí ibi tí Lakunle ti sọ ìdí tí òun kò fi ní san owó orí ìyàwó. Ó wá a títí, ó sì rí i nínú apá tí wọ́n pè ní Àárọ̀, níbi tí olùkọ́ yẹn ti ní bí òun bá san án, bí ìgbà tí òun lọ ra màlúù lọ́jà ni yóò rí. Mo tún ní kó lọ ka apá Alẹ́, nígbà tí Baroka, baálẹ̀ inú eré náà, ti fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tan Sidi, tí Lakunle wá ń sọ pé níwọ̀n bí kì í ti í ṣe wúńdíá mọ́, kí wọ́n kúkú gbàgbé ọ̀rọ̀ owó orí. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Áńtí, ahun mà ni tíṣà yìí o!" (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ìjẹ̀bú ni Lakunle o.)

Gbólóhùn tó wá kọ, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: "Lakunle say paying bride price is like buying a cow, but at the end he is happy that he will not pay it." Àṣìṣe ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrò méjì ti wà nínú rẹ̀, "but" sì so wọ́n pọ̀ níbi tó yẹ. Ìgbà náà ni mo tó ní kó kà á sókè ketekete, kó máa bi ara rẹ̀ níbi ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan pé ta ló ṣe é. Kò tíì kà á dé ìdajì tó fi dúró, tó fi "s" sí "say".

Etí ọmọ a máa gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ti fò dá. Tí èémí bá tán lẹ́nu rẹ̀ kí gbólóhùn tó parí, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ nílò àmì ìdánudúró. Ẹ̀yin lè fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí nǹkan wà, láìsọ ohun tó jẹ́. Ẹ ní gẹ̀ẹ́sì yín kò tó, ṣùgbọ́n "Níbo ló wà nínú ìwé?" kò nílò gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má sì jẹ́ kí sípẹ́lì gba gbogbo alẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Nínú àròkọ gẹ̀ẹ́sì WAEC tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 50, èrò ní 10, ìtò ní 10, ìlò èdè ní 20, gírámà pẹ̀lú sípẹ́lì sì pín 10 tó kù. Ní ti ìwé àkópọ̀ tí wọ́n ń tà àti àlàyé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó kà wọ́n lẹ́yìn tó bá ti ka eré náà fúnra rẹ̀. Kò gùn rárá.

Bí yíǹkì pupa bá kún iṣẹ́ tí tíṣà dá padà, ẹ jẹ́ kó mú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, kó tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó sì gbé ti àkọ́kọ́ àti èyí tó tún kọ lọ fún tíṣà pọ̀.