Agolo pẹ́nì Kánádà: èló ló lè pa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àgbà aládùúgbò wa ní Winnipeg kó agolo pẹ́nì Kánádà (owó ẹyọ sẹ́ǹtì kan) kan fún mi. Púpọ̀ nínú wọn ti dúdú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ wọ́n kí n tó tà wọ́n. Èló ni mo lè rí níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀! Dúdú yẹn gan-an ni àwa tó ń ra owó àtijọ́ ń fẹ́. Bí a bá gbé èyí tí wọ́n ti fọ̀ sábẹ́ awò, ibi tí kàn-ìn-kàn-ìn ti ha á ló ń kọ́kọ́ hàn sí wa, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀.

Ọdún ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó bá jẹ́ 1960 sókè, tí wọ́n ti ná káàkiri, sẹ́ǹtì kan náà ló jẹ́. Lóòótọ́, May 2012 ni wọ́n rọ pẹ́nì kẹ́yìn, ní Winnipeg yín níbẹ̀, àmọ́ báǹkì ṣì ń gbà á. Àwọn pẹ́nì ńlá tó ṣáájú 1920 máa ń pa dọ́là díẹ̀díẹ̀. Ti 1858 ló wọ́n jù wọ́n lọ dáadáa. Ẹ ya 1922 sí 1926 sọ́tọ̀ pẹ̀lú, pàápàá 1923 àti 1925, torí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan péré ni wọ́n rọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì.

Bí ẹ bá rí 1955, ẹ fara balẹ̀. Lára púpọ̀ nínú wọn, ìlà ìṣẹ́po aṣọ wà ní èjìká Ọbabìnrin Elizabeth. Èyí tí kò ní ìlà yẹn lè tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Bí èjìká bá ti jẹ, ẹ wo lẹ́tà I nínú ọ̀rọ̀ DEI tí wọ́n kọ yí orí ọbabìnrin ká: bí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀ ju àárín lọ, èyí tí kò ní ìlà nìyẹn.

Ti 1936 tó ní àmì róbótó kékeré lábẹ́ ọdún ni gbogbo ayé ń wá. Ọba Edward VIII fi ìtẹ́ sílẹ̀, àwòrán George VI tó rọ́pò rẹ̀ kò tíì ṣe tán, ni wọ́n bá fi irinṣẹ́ 1936 rọ owó 1937, wọ́n sì fi àmì róbótó náà sí i. Mẹ́ta péré la mọ̀. Ọ̀kan lọ ní gbàǹjo lọ́dún 2010 ní iye tó lé ní 400,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Àwọn gbájúẹ̀ sì ń fi irin gbẹ́ àmì róbótó sára 1936 lásán, nítorí náà ẹ má fowó ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé àwọn amòye ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ fi bébà di ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tí ẹ bá yà sọ́tọ̀, kí ẹ di í mú létí, kí ẹ sì fi han oníṣòwò méjì ó kéré tán kí ẹ tó gba owó ẹnikẹ́ni.