Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé ẹgbẹ́ yìí máa jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ mi jí?

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 22, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kò yá bíi ti àwọn ojúgbà rẹ̀. Social worker wa ní kó lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tí àwọn bíi tirẹ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa sọ tẹnu ara wọn. Ṣé ó máa jẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ jí, kó lè dá gbé? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ kọ́ ọ ní àìgbọràn. Ṣé mo lè jókòó tì í níbẹ̀? Ìyá kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Mà, irú lẹ́tà yìí kẹrin rèé láàárín oṣù méjì, ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn pọ̀.

Ọpọlọ rẹ̀ kò ní jí, nítorí kò sùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní learning disability ní Ìlú Ọba ni kí òye èèyàn máa falẹ̀ láti kékeré títí dé ọjọ́ alẹ́. Kì í ṣe wèrè. Ẹni tó ń ta ìsọ̀yè fún yín lórí WhatsApp, àti ẹni tó ń gba owó ìtúsílẹ̀ kí ahọ́n ọmọ lè tú, owó yín ni wọ́n ń wá. (Tó bá ṣàdédé ń gbàgbé ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ tètè mú un lọ rí dókítà.)

"Dá gbé" yìí gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ ti gbà pé ẹni tó bá ní òmìnira kì í gba ìrànlọ́wọ́, nítorí náà ọmọ tí kò lè dá ka lẹ́tà kò lè ní ìpinnu tirẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Télọ̀ ló ń rán aṣọ òde yín. Ṣé òun ló ń yan àwọ̀ fún yín? (Àwọn kan nínú wọn ń gbìyànjú ẹ̀ o.) Ọmọ yín lè nílò ẹni tó máa bá a wọ bọ́ọ̀sì nígbà mẹ́wàá kó tó mọ ọ̀nà, kó sì jẹ́ pé òun ló mọ ibi tó fẹ́ lọ.

Kì í ṣe àwa nọ́ọ̀sì la dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ní 1974, ní Salem, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn tí òye wọn ń falẹ̀ ń múra àpérò tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ń wá orúkọ, ọ̀kan nínú wọn ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ òun sí èèyàn ná. Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ People First nìyẹn. Ti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ní 1984. Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń ṣe alága, àwòrán ni wọ́n fi ń to ètò ìpàdé, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá sì yé máa gbé káàdì pupa sókè. Wọ́n ti gbé e sí èmi náà lójú rí. Mo ti ń sọ èdè ilé ìwòsàn lọ rẹrẹẹrẹ.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó fi oṣù mẹ́ta dánra wò lórí gbólóhùn kan ṣoṣo: "Èmi ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe mọ́mì." Ó sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sunkún nínú mọ́tò, mi ò sì bi í bóyá ẹkún ayọ̀ ni.

Àìgbọràn kọ́ nìyẹn, mà. Ẹ ti kọ́ ọ láti máa dá gbogbo àgbà lóhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà". Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ní kó mú káàdì báǹkì wá, kí lẹ rò pé ó máa sọ? Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ tí kò kọ́ "rárá" nílé kò lè rí i sọ níta. Ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti ń fi ẹnu kọ́ ọ, láàárín àwọn tí kò ní fi í ṣẹ̀sín.

Ní ti òfin, Mental Capacity Act ti 2005, tí wọ́n ń lò ní England àti Wales, sọ pé tí èèyàn bá ti pé ọmọ ọdún 16, kí a gbà pé ó lè pinnu àfi tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò lè ṣe é. Pé kí a ti ràn án lọ́wọ́ ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé ṣe ká tó sọ bẹ́ẹ̀. Àti pé ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ìpinnu kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò, ẹni tí kò lè pinnu lórí ilé lè pinnu lórí oúnjẹ. Jíjẹ́ ìyá, tàbí next of kin (ìbátan tó sún mọ́ ọn jù), kò fún yín ní àṣẹ lórí àgbàlagbà. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò o. Tó bá kan ogún, owó ńlá tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹ lọ bá ẹni tó mọ òfin.

Ṣé ẹ lè jókòó tì í? Rárá. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò DBS (èyí tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti jẹ̀bi ọ̀ràn rí) fún àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ẹ mú un dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wá lọ ra iṣu yín ní Rye Lane. Tó bá délé tó ní àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ṣé òun fẹ́ lọ? Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tí ẹ ti kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ.