Ṣé ara Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ti mú aṣọ inú fíìmù Wakanda?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ó ní bàbá òun a máa pa á lówe pé “Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran”, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun ti wo Black Panther, fíìmù nípa Wakanda, ìlú àròsọ kan ní Áfíríkà, ni ọkàn òun ti ń sọ pé àwọn tó rán aṣọ fíìmù náà ti ní láti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí ìbòjú wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ aláràbarà sì kún ibẹ̀. Ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un, àti ìtumọ̀ tí òwe náà ṣì ní lójú ẹni tó ti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀.

Rárá ni èsì apá kìíní. Yàtọ̀ sí agbádá kan, ohun kan wà nínú fíìmù náà tó ti agbègbè wa wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ni, àwọn tó ni ín sì ni wọ́n ba Kétu jẹ́ nígbà kan. Màá dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òwe náà. Àwọn àgbà tó ń pa á kò sọ pé kò sí ohun mìíràn tó dùn ún wò láyé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé gbogbo ohun tí ojú lè máa wá kiri ló pàdé lójú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́: igi tí a gbẹ́, aṣọ, ijó, ìlù, àti orin Ẹ̀fẹ̀ tí ń bá ìlú wí lóru kí ijó tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ọkùnrin ló ń gbé e, ṣùgbọ́n ara obìnrin ni ó ń gbé wọ̀, pẹ̀lú ọmú àti ìdí ńlá, pẹ̀lú òjá àti gèlè tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé ni a ti máa ń yá púpọ̀ nínú wọn, àti ṣaworo lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyá wa ni a ń yẹ́ sí, tí a sì ń fi ijó náà tù lójú, ìdí sì nìyẹn tí aṣọ ìyá fi gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Orí igi ni agbẹ́gilére ti lómìnira. Ejò àti ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ti gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú pàápàá sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ohun tó ń yí padà lójoojúmọ́ ni wọ́n kéde, kì í ṣe òkú àṣà.

Nítorí náà, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa gbé ohun tuntun lé orí ohun àtijọ́. Àwọn tó ń rán aṣọ fíìmù àròsọ onísáyẹ́ǹsì ń ṣe ìdàkejì rẹ̀: ẹni ọjọ́ iwájú ni wọ́n fẹ́ wọ láṣọ, aṣọ àtijọ́ ni wọ́n sì ń lọ wò. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí aṣọ kan kò bá jọ ohunkóhun tí a ti rí rí, òǹwòran kò ní mọ ẹni tó jẹ́ ọba, ọmọ ogun tàbí àwòrò. John Mollo, tó ṣe ètò aṣọ Star Wars, fíìmù ogun inú ìràwọ̀ ti ọdún 1977, tó sì gba ẹ̀bùn Oscar nítorí rẹ̀, onímọ̀ nípa aṣọ ológun àtijọ́ ni. Akoto Darth Vader, ọ̀daràn inú fíìmù náà, jọ ti àwọn jagunjagun samurai ilẹ̀ Japan, aṣọ àwọn ọ̀gágun ìjọba búburú inú fíìmù náà sì mú ti àwọn ológun Jámánì wá sọ́kàn. Nínú fíìmù Star Wars mìíràn tó jáde ní 1999, irun àti ohun ọ̀ṣọ́ orí tí Ọbabìnrin Amidala fi wọ ilé ìgbìmọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Mongolia ni wọ́n ti mú un.

Ruth E. Carter ló ṣe ètò aṣọ Black Panther, tó jáde ní 2018. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar fún iṣẹ́ aṣọ. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ló wò. Fìlà ńlá tí ìyá ọba dé, isicholo ni, èyí tí àwọn abilékọ Zulu ń dé. Ẹ̀rọ tí ń tẹ nǹkan jáde ní odindi láti inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ti inú fíìmù. Kúbùsù àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ti Lesotho wá, níbi tí òtútù orí òkè ti mú kí ó di aṣọ àwọn ará ìlú. Agbádá wà lọ́rùn Zuri, àgbà àwòrò Wakanda, èyí tí ẹnikẹ́ni láti Àjàṣẹ́ dé Sábẹ̀ẹ́ yóò dá mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbòjú tí Killmonger, ọ̀tá ọba inú fíìmù náà, jí nílé ìṣẹ̀ǹbáyé sì jọ Mgbedike, ìbòjú àwọn Ígbò. Bóyá òun ló tan ọmọ wa jẹ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Abilékọ ló ń dé isicholo, ìyá ọba ló sì dé e nínú fíìmù, èyí bá a mu. Àwo tí wọ́n fi sí ètè àgbà ẹ̀yà Odò, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Wakanda, ńkọ́? Lọ́dọ̀ àwọn Suri àti Mursi ilẹ̀ Ethiopia, obìnrin ló ń fi í sí ètè, wọ́n sì wá fi í sí ètè ọkùnrin tó wọ kóòtù. (Isaach de Bankolé, tí wọ́n bí ní Abidjan, ló kó ipa náà, orúkọ rẹ̀ ti tó láti sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.) Ó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó ni àṣà náà yóò mọ̀ pé ó ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù lójú ọ̀nà.

Ní ti àwọn obìnrin ẹ̀ṣọ́ ọba, Dora Milaje, pupa aṣọ wọn jẹ́ ti Maasai, òrùka ọrùn wọn sì jẹ́ ti Ndebele. Ṣùgbọ́n pé obìnrin ni yóò máa ṣọ́ ọba, tí yóò sì máa ṣíwájú ogun, àwọn agojie, obìnrin ọmọ ogun ìjọba Dàhòmì àtijọ́, ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí, àwọn kan náà tí wọ́n gbé ère wọn tó ga ní mítà 30 kalẹ̀ ní Kútọ̀nú ní 2022. Aṣọ wọn gan-an kò sí nínú fíìmù náà: ẹ̀wù tí kò lápá, ṣòkòtò tó mọ ní orúnkún, ìgbànú ọta, àti ìbọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun yìí ni Abẹ́òkúta lé padà ní 1851 àti 1864. Kétu kò rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1886, ogun Dàhòmì kó Kétu, ó sun ún, ó sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù tó padà wálé. Ẹni tó bá ti kọjá lẹ́nu Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, lè pàtẹ́wọ́ fún àwọn obìnrin inú fíìmù náà bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn.

Bí aláṣọ fíìmù kan bá wá fẹ́ lo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gan-an lọ́la, ìbòjú nìkan kò ní tó o. Ìtàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọn ìyá tí a ń yẹ́ sí nínú, kí aṣọ sì ti ọwọ́ obìnrin wá sára ọkùnrin tó ń jó. Bí ìyẹn bá wà, ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sínú ìràwọ̀ lè wà lórí igi náà, kò sì sí agbẹ́gilére Kétu tí yóò yà lẹ́nu.